Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Gòkè

Ìṣó ni mo ń tà ní Adjamé Roxy, ọjà kan ní Abidjan, ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ìṣó, àgádágodo, wáyà, orí òòlù, àti irin tí ilẹ̀kùn fi ń yí. Ìyá ọkọ mi ló ń tà á tẹ́lẹ̀ kí eékún rẹ̀ tó kọ ìjókòó ọjà, ló bá fi í lé mi lọ́wọ́. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ ní ìlà yẹn débi pé bí ẹnìkan bá sín ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, wọ́n á máa bá a kẹ́dùn ní ìparí rẹ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí agbẹ̀bí wo ìwé àyẹ̀wò mi tí ó sọ pé irin kò sí lára mi, n kò mọ ohun tí mo lè fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe. Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní mo ti gbọ́.

N kò kàwé púpọ̀. Mo ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tán nílé, mo fi ẹsẹ̀ kan wọ girama, mo sì bá ọkọ dé Abidjan. Ohun tí mo bá kọ síbí nípa ẹ̀jẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe kọ ọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, kí ó lọ bá àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí, oyún mi kejì ló dá lé. Ṣùgbọ́n ìbí àkọ́kọ́ ló dá ẹ̀rù sí mi lára, òun ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ.

Nígbà yẹn, Songon, ní ẹ̀yìn odi Abidjan, là ń gbé. Ọkọ mi ti ra ilẹ̀ sí ẹ̀yìn àwọn abúlé etí ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun. Ó kọ́ ilé tó dára síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ wà, ariwo kò sí, ilé ìwòsàn ńlá kò sì sí nítòsí. Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ni mo bímọ sí. Gbogbo èèyàn ló sọ pé mo bí i wẹ́rẹ́. Mo gbọ́ igbe ọmọ náà. Lẹ́yìn igbe yẹn, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ohun tó kù, wọ́n sọ ọ́ fún mi ni. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ń dà, kò dúró. Wọ́n ní kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà sí mi lára níbẹ̀, wọ́n bá gbé mi sínú takisí. Awakọ̀ náà tẹ́ àpò ìrẹsì sórí àga rẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi lé e, n kò sì bá a wí, ọkọ̀ rẹ̀ ni. Ọkọ mi ní ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró, ọkùnrin náà á bojú wẹ̀yìn, á béèrè pé, "Ṣé ó ṣì wà?" Òun náà á ní, "Ẹ máa wakọ̀." Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Nígbà tí mo lajú, inú yàrá funfun kan ni mo ti bá ara mi. Fáànù kan wà lókè tí kò ṣiṣẹ́. Mo rò pé ọ̀run nìyẹn, ó sì yà mí lẹ́nu pé fáànù wọn bàjẹ́.

Dókítà sọ fún ọkọ mi pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó dà nìkan ló fẹ́ pa mí. Ẹ̀jẹ̀ ti kéré lára mi kí n tó dé orí bẹ́ẹ̀dì ìbímọ rárá. Bí ìkòkò tó kún bá ń jò, èèyàn ṣì lè rí omi bù mu kó tó wá nǹkan dí i. Bí èyí tí omi rẹ̀ kò ju ìsàlẹ̀ lọ bá jò, ó tán nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tí n kò mọ̀ rí ni wọ́n fà sí mi lára. Mo máa ń wo ojú èèyàn ní Adjamé nígbà mìíràn, màá ní bóyá ẹni yìí ni.

Ọmọ náà yè. Obìnrin ni. Ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí, ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń dá mi lóhùn.

Lẹ́yìn rẹ̀, n kò lóyún mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nǹkan oṣù mi kò létò. Nígbà mìíràn kò ní wá rárá. Bó bá tún wá, á dà bí ẹni ṣí ẹ̀rọ omi, n kò ní lè jókòó sí ọjà láìtẹ́ aṣọ méjì. Bí mo bá gun afárá tí a ń gbà sọdá títì, mo ní láti dúró láàárín rẹ̀ kí n ṣe bí ẹni ń wo àwọn ọkọ̀. Èékánná mi tẹ̀ kòtò bí ṣíbí. Mo rò pé ìṣó ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn máa ń wo ikùn mi bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ojú ọ̀run ni. Àwọn obìnrin ọjà ń gbàdúrà fún mi pé kí Ọlọ́run ṣí inú mi. Èmi á ní àmín, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí àmín náà ròkè jù. Ẹ̀rù àìlóyún kò bà mí. Ẹ̀rù pé kí n lóyún ló ń bà mí. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣeé sọ ní àárín wa, mo sì pa á mọ́.

Nígbà tó yá, agbẹ̀bí tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe kí àìtó irin wà lára ohun tó jẹ́ kí oyún kejì pẹ́ kó tó dé. Ó ní ara tí kò ní èyí tó tó ara rẹ̀ kì í tètè gba àlejò. Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní bóyá ni òun wí. Èmi náà kọ ọ́ sílẹ̀ ní bóyá.

Mo ti lé ní ogójì ọdún kí oyún kejì tó dé. Nígbà tí ó dá mi lójú, mo dúró de ọkọ mi kó jẹun tán.

"Bàbá ọmọ mi, mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ n lọ bá màmá yín gbé ní Adjamé títí n ó fi bí."

"Kí ló ṣe ilé yìí?"

"Ilé yìí dára. Ọ̀nà tó wà láàárín rẹ̀ àti dókítà ni mo ń bẹ̀rù."

Ó wo ògiri. Òun ló kùn ún fúnra rẹ̀. "Èmi náà ń bẹ̀rù rẹ̀," ló wí, ó sì dìde lọ gbé àpótí mi sílẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù.

Èmi àti ọmọ mi kó lọ sí Adjamé, ọkọ mi sì ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Bí mo ṣe dé ọwọ́ agbẹ̀bí nìyẹn. Ọmọ ilẹ̀ Côte d'Ivoire ni, ojú rẹ̀ le, Faransé ló ń bá mi sọ. Mo sọ ti Songon fún un. Ó gbọ́ ọ tán láìṣe "yàkó" kan, bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn kẹ́dùn níbí. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé ló sọ ọ̀rọ̀ irin yẹn.

"Ẹ gbọ́, Tanti," ó wí, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin níbí. "Ẹ̀jẹ̀ yín kò tó. Irin ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ọmọ inú yín sì ń mú nínú èyí tẹ́ ẹ ní. Bí ẹ bá fi ẹ̀jẹ̀ báyìí dé orí bẹ́ẹ̀dì, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín lẹ́ẹ̀kan lè tún ṣẹlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gòkè kó tó di ọjọ́ ìbí."

"Bí kò bá gòkè ńkọ́?"

"Mo ní ó gbọ́dọ̀ gòkè."

Ó fún mi ní oògùn oníhóró, pupa, tó kéré. Ìtọ́wò rẹ̀ lẹ́nu dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi ètè di ìṣó mú. Gbogbo àwa tá à ń ta ìṣó la mọ ìtọ́wò yẹn. Ó jẹ́ kí ìgbẹ́ mi dúdú, ó jẹ́ kí inú mi le. Ṣùgbọ́n n kò fo ọjọ́ kan. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í gbàgbé oògùn. Bí mo bá ti gbé e mì báyìí, màá mú kaolin díẹ̀ tẹ̀ lé e kí ẹnu mi lè padà sí ipò.

Kaolin ni amọ̀ funfun tí wọ́n ń tà ní gbogbo ọjà Abidjan, tó rí gbàǹgbà-gbàǹgbà bí ẹfun. Àwọn obìnrin, pàápàá aboyún, máa ń jẹ ẹ́. Ó ń dá itọ́ dúró, ó ń lé èébì. Òórùn rẹ̀ dà bí òórùn ilẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kan eruku. Bí àwọn ọkùnrin ṣe ń fi obì kí ara wọn ní ìlà wa, kaolin la fi ń kí ara wa. Aládùúgbò mi ní ọjà, obìnrin Jùlá kan láti ìhà àríwá ilẹ̀ yìí, tó ń ta okùn àti bàsíà, kì í fẹnu kí mi láàárọ̀. Á dá kaolin rẹ̀ sí méjì, á sọ tèmi sórí òkìtì ìṣó mi. Bí mo bá mú un jẹ, a ti kí ara wa nìyẹn. Nígbà tó rí i pé mo lóyún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èyí tó tóbi ju tirẹ̀ lọ sí mi.

Mo padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kò gòkè. Ó tilẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

Ìyá ọkọ mi gba ọ̀rọ̀ náà sí ọwọ́ ara rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ní kò sí?" ó bi mí.

"Irin, Màámi."

"Irin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Irin tí à ń tà?"

"Wọ́n ní ọ̀kan náà ni, ṣùgbọ́n…"

"Ṣùgbọ́n kí ni?"



Ó kọ́kọ́ gbà pé ohun tó bá pupa ló ń di ẹ̀jẹ̀. Ó ránṣẹ́ sílé, wọ́n fi poroporo ọkà bàbà ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú àwọn arìnrìn-àjò, a rẹ ẹ́ sómi, omi náà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ará ilé kejì gbé ewé tíìkì wá, a sè é, òun náà pọ́n. Ọkọ mi gbé ìgò móòtì wá láti Songon pẹ̀lú tòmátò alágolo, ó ní wọ́n ní kí n pò wọ́n pọ̀ mu. Mo mu gbogbo rẹ̀. Mo mu ún débi pé ọmọ mi sọ pé bí wọ́n bá gún mi ní abẹ́rẹ́, ọbẹ̀ ni yóò jáde.

Lẹ́yìn èyí ni mo rí i pé nǹkan kan ń dún nísàlẹ̀ ìkòkò poroporo náà. Mo fi ṣíbí tú u. Ìṣó páànù ni, ẹ̀kúnwọ́ kan, láti inú ọjà mi.

"Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa," ni ìyá ọkọ mi wí láti ẹnu ọ̀nà. "N kò fi èyí tó dípẹtà sí i."

Mo bu omi náà, mo mu ún. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti rìnrìn-àjò lórí àpò ìrẹsì nínú takisí bí tèmi, yóò mu omi ìṣó.

Nígbà tí mo sọ fún agbẹ̀bí, ó pa ojú dé. Ó ní wọ́n fi nǹkan mìíràn bo ìṣó páànù lára kó má baà dípẹtà, nǹkan náà kì í ṣe ohun tí à ń fi sínú oúnjẹ. "Ẹ sọ fún màmá yín kí wọ́n dá ìṣó padà sí ọjà." Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Ìyá ọkọ mi nu wọ́n gbẹ, ó sì dá wọn padà sí ọjà. Wọ́n wà lórí òrùlé ẹnìkan báyìí.

Agbẹ̀bí wá béèrè ohun tí mò ń jẹ. Mo kà á fún un: ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀pà, àtíẹ́kẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ẹja díndín, ẹ̀bà, ẹ̀wà.

"Ẹran ńkọ́?"

"À ń se ẹran dáadáa."

"N kò béèrè èyí tẹ́ ẹ̀ ń sè. Èyí tó ń wọ ẹnu yín ni mo béèrè."

Nílé wa, ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná ló ń bu tirẹ̀ kẹ́yìn. Ọkọ ni a kọ́kọ́ ń bu fún, lẹ́yìn náà ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ọmọ. Ọbẹ̀ ló kù fún mi, pẹ̀lú egungun tí mo fẹ́ràn láti fá. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ tipẹ́ débi pé n kò rántí bí ìfẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Agbẹ̀bí ní kí n máa jẹ ẹran gidi àti ẹ̀dọ̀ tó jinná dénú, kí n má jẹ ẹ̀dọ̀ lójoojúmọ́, kí n sì máa fi ọsàn gbé oògùn mì, nítorí ọsàn ń ran irin lọ́wọ́ láti wọ ara.

Mo rò pé ìyá ọkọ mi yóò bínú sí ọ̀rọ̀ ẹran. Kò bínú. Ó ń bu tèmi ṣáájú, á gbé àga sí iwájú mi, á máa wo ẹnu mi títí n ó fi gbé e mì, bí ẹni tó fi owó rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Mo tún padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kò gòkè.

Lọ́tẹ̀ yìí, agbẹ̀bí wò mí bí ẹni pé mò ń ta oògùn náà fún ẹlòmíràn. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mò ń lò ó. Mo búra. Ó ní bí kò bá yí padà, òun á kọ̀wé sí dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n lè gba inú iṣan fi irin sí mi lára, wọ́n sì lè ní láti fa ẹ̀jẹ̀. Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ìgbà tí obìnrin yẹn ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni ẹ̀rù wá bà mí dé ẹsẹ̀.

Mo délé, mo pe ọmọ mi. Mo fi ibi tí mo kó àwọn aṣọ rẹ̀ sí hàn án. Mo fi hàn án bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì tí kò ní jóná.

"Maman, ibo lẹ̀ ń lọ?" ó bi mí ní Faransé.

"N kò lọ síbì kan."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń kọ́ mi ní ìrẹsì?"

"Obìnrin ni ọ́."

"Obìnrin ni mí láná náà." Ó wo ìkòkò, ó wo ojú mi. "Bẹ́ ẹ bá kú, garba ni n ó máa rà jẹ. N kò ní se nǹkan kan. Ẹ má kú."

Àtíẹ́kẹ́ ojú pópó pẹ̀lú ẹja tí wọ́n fi òróró gbígbóná dín ni garba. Kò dára kí ọmọdé máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yí padà, àga gbọọrọ ni mo jókòó sí níwájú yàrá agbẹ̀bí pẹ̀lú àwọn aboyún mìíràn. Ooru mú. Mo ti gbé oògùn mi mì nílé, mo sì ń fi kaolin pa ìtọ́wò rẹ̀ lẹ́nu. Èyí tó jókòó tì mí wo ọwọ́ mi. Mo dá díẹ̀ fún un. Èyí tó tẹ̀ lé e na ọwọ́. Èèyàn kì í jẹ ẹ́ níwájú aboyún kó má fún un. Kò pẹ́ tí kaolin mi fi dé ìparí àga.

Ilẹ̀kùn ṣí. Agbẹ̀bí fẹ́ pe orúkọ mi. Kò pè é. Ó wo ẹnu mi.

"Ẹ la ẹnu, Tanti."

Mo la ẹnu.

"Ẹ yọ ahọ́n."

Mo yọ ọ́. Kò sí ìdí tí ahọ́n èèyàn fi lè funfun tó bẹ́ẹ̀.

Ó bojú wo àga náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo obìnrin ló pa ẹnu dé. Ẹnìkan ti tọwọ́ bọ abẹ́ gèlè. Ẹnìkan fẹ́ gbé tirẹ̀ mì, ó há a lọ́fun, ó wúkọ́, ẹ̀tù funfun tú jáde bí ìgbà tí wọ́n gbọn aṣọ ìnu pátákó ìkọ̀wé.

"Ta ló gbé e wá?" agbẹ̀bí béèrè.

Gbogbo wọn yí ojú sí mi.

Nínú yàrá, kò wo ìwé mi rárá. "Ìgbà wo lẹ máa ń jẹ ẹ́?"

"Lẹ́yìn oògùn ni. Kí ẹnu mi lè dùn."

"Lẹ́yìn oògùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lójoojúmọ́?"

"N kì í gbàgbé."

Ó gbé bíírò sílẹ̀, ó fi iwájú orí lé tábìlì. Mo rò pé ara rẹ̀ kò yá, mo fẹ́ lọ pe ẹnìkan. Láti ibi tó dorí kodò sí ló ti sọ fún mi pé amọ̀ náà ń di irin mú nínú ìfun, á sì gbé e jáde. Oògùn tí mo ti ń gbé mì láti ìbẹ̀rẹ̀, àti ẹ̀dọ̀ tí ìyá ọkọ mi ń ṣọ́ mi lórí rẹ̀, ọ̀nà ìta ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà lọ. Ó ní kò tán síbẹ̀: àìtó irin fúnra rẹ̀ lè jẹ́ kí amọ̀ máa wu èèyàn jẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ ń wù ú. Bó ṣe ń jẹ amọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń dín kù.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ohun tí mò ń jẹ lẹ béèrè."

"Kaolin ńkọ́?"

"Kaolin kì í ṣe oúnjẹ, Màdáàmù."

Ó gbé orí sókè. Mo rí i pé ẹ̀rín ló ń mú un, kò sì fẹ́ kí n rí i. "Mo jẹ ẹ́ nígbà tí mo lóyún ọmọ mi kejì," ó wí. "Ìyá mi ló ń rà á fún mi. Ẹ má jẹ ẹ́ mọ́. Ẹ ṣe bí ẹni pé májèlé ni."

Májèlé ì bá rọrùn láti kọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, aládùúgbò mi sọ kaolin sórí ìṣó mi. Mo mú un, mo dá a padà sórí bàsíà rẹ̀.

Ó wò ó. "Tanti Ànàgó, kí ni mo ṣe fún ẹ?" Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí.

"Kò sí nǹkan kan. Agbẹ̀bí ló ní kí n má jẹ ẹ́ mọ́."

"Ìyá mi jẹ ẹ́. Ìyá tó bí i jẹ ẹ́. Ta ló bí èmi? Agbẹ̀bí?"

"Ó ní ó ń gbé irin jáde lára."

"Irin!" Ó fi ọwọ́ na ojú ọjà mi. "Ìwọ? Bí irin bá tán lára gbogbo ayé, ṣé ó yẹ kó tán lára ìwọ? Ẹ̀yin Ànàgó, bẹ́ ẹ bá ti rí aláṣọ funfun, ẹ ti gbàgbọ́."

Kò kí mi mọ́. Ó ń dá kaolin rẹ̀ sí méjì, á sì jẹ apá méjèèjì lójú mi, díẹ̀díẹ̀, kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Nǹkan náà wù mí débi pé itọ́ ń kún mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, mo bá ara mi níwájú ṣọ́ọ̀bù onísìmẹ́ńtì tó wà ní ìsàlẹ̀ ìlà wa, tí mo tẹ̀ mọ́ àpò kan tó tutù, tí mò ń gbóòórùn rẹ̀. Ọkùnrin náà bi mí bóyá àpò kan ni mo fẹ́ tàbí méjì. Mo ní mò ń wò ó bóyá ó dára ni. Ó ní ojúlówó ni. Mo ní mo ti mọ̀.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, aládùúgbò mi sọ nǹkan kan sórí ìṣó mi. Ọsàn ni, ó ti bó o. Kò wo ojú mi. "Ṣé agbẹ̀bí rẹ gba ìyẹn láyè, àbí kí n lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀?" Mo ní ó gbà á. Mo mú oògùn mi jáde nínú àpò, mo fi ọsàn náà gbé e mì níwájú rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu kaolin tirẹ̀.

Nígbà tí mo tún lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, agbẹ̀bí ka ìwé náà, ó sì gbé e sílẹ̀.

"Ó ti ń gòkè."

"Ṣé ó dá yín lójú? Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò."

"Tanti, ẹ máa lọ sílé."

Ó tún gòkè lẹ́yìn ìyẹn, díẹ̀díẹ̀. Kò dé ibi tí ọkàn agbẹ̀bí fẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ó ti tó bá ìbí lọ. Nítorí ìtàn Songon, ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ní kí n bí sí, wọ́n sì ní kí wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dè mí. Agbẹ̀bí mi gba àyè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ibẹ̀, ó sì bá mi dé yàrá ìbímọ.

Ọ̀sán gangan ni. N kò ní sọ ti ìrora, gbogbo obìnrin ló mọ̀ ọ́n, àwọn ọkùnrin kò sì ní gbà á gbọ́. Ibi tí mo ń bẹ̀rù kì í ṣe ibẹ̀. Ìgbà tí ọmọ bá ké ni. Níbẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti parí mọ́ mi lójú lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ náà ké.

Mo di irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú, mo sì ń retí kí ayé kú lójú mi bí iná. Mo la ojú sílẹ̀ kedere. Mo gbọ́ tí agbẹ̀bí ní kí wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ kan. Mo gbọ́ tí bàsíà kan dún nílẹ̀.

"Ṣé ó ń dà?" mo béèrè.

"Ó ń dà díẹ̀. Bó ṣe yẹ ni."

"Ṣé ó ń dúró?"

"Tanti, ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́."

Ó ń tẹ ikùn mi mọ́lẹ̀ bí ẹni ń po ìyẹ̀fun. Mo ka ìgbà díẹ̀ lọ́kàn, n kò mọ iye. Mo tún bi í. Ó ṣáà ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mo tún bi í.

"Ó ti dúró," ó wí. "Ó ti dúró, ó dúró. Ẹ wo ọmọ yín, ọkùnrin ni. Ẹ sùn wàyí."

"N kò sùn."

"Gbogbo ẹni tó bí ló ń sùn."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sùn."

Wọ́n gbé ọmọ náà lé mi láyà. Ara rẹ̀ gbóná. Kò pẹ́ tí wọ́n tún gbé e jáde fi han àwọn ará ilé, mo sì gbọ́ tí ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ mi jiyàn lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé etí ọmọ náà, etí bàbá òun ni. Ọkọ mi ní etí gbogbo ọmọ tuntun rí bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní rárá, bàbá òun ní etí kan tó tẹ̀ báyìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé rẹ̀, àti ti ẹ̀gbọ́n bàbá òun tí tirẹ̀ kò tẹ̀, àti ìdí tí kò fi tẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ní laárí, ó sì gùn. Mo fetí sí gbogbo rẹ̀ títí ó fi parí.